Richard Kẹta: Ọba tí wọ́n sọ di ìkà nínú ìtàn, tí eegun rẹ̀ padà wá jẹ́rìí

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́lẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí kan ní ìlú Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ máa ń gbé mọ́tò wọn sí. Eegun ọkùnrin kan ni wọ́n bá níbẹ̀. Kò sí pósí, kò sí aṣọ òkú, kódà ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un kò gùn tó o, ńṣe ni orí rẹ̀ gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, ó hàn pé ọba ni. Richard Kẹta ni, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú sójú ogun lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1485.

Bí wọ́n bá ní kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ ọba tó burú jù nínú ìtàn wọn, orúkọ Richard kì í jìnnà sí ẹnu wọn. Abuké ni, wọ́n ní. Apá rẹ̀ kan rọ, wọ́n ní. Ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pa ìyàwó rẹ̀, ó pa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì tí wọn ò tíì bàlágà, gbogbo rẹ̀ nítorí adé. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nílé ìwé nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é lórí ìtàgé nìyẹn.

Àmọ́ Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ Richard, ẹnu àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀ ni ayé ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọmọ tí wọ́n bí sínú ogun ẹbí

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1452 ni wọ́n bí Richard nínú ilé olódi Fotheringhay. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Richard, ni Duke ti York, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ọba tó lágbára jù nílẹ̀ náà. Cecily Neville ni orúkọ ìyá rẹ̀. Nínú àwọn ọmọkùnrin wọn tó yè, òun ni àbíkẹ́yìn.

Lásìkò yẹn, ìdílé ọba ti pín sí méjì: York lápá kan, Lancaster lápá kejì. Àtọmọdọ́mọ Ọba Edward Kẹta sì ni gbogbo wọn. Henry Kẹfà ti ìdílé Lancaster ló wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n àìsàn ọpọlọ máa ń dá ọba náà gúnlẹ̀, àwọn ìjòyè sì ń fa agbára mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìjà adé yìí ni àwọn òpìtàn ń pè ní Ogun Rósì, nítorí òdòdó rósì funfun tó jẹ́ àmì ìdílé York àti rósì pupa tí wọ́n fi mọ Lancaster.

Ọmọ ọdún 8 ni Richard nígbà tí ogun náà wọ ilé wọn. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1460, bàbá rẹ̀ kú sójú ogun ní Wakefield, Edmund ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà bá a lọ. Wọ́n gé orí bàbá, wọ́n gbé e kọ́ ẹnubodè ìlú York kí gbogbo ayé lè rí i. Ìyá wọn yára fi Richard àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ George sínú ọkọ̀ ojú omi, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilẹ̀ tí Duke ti Burgundy ń ṣàkóso lókè òkun. Bí ọmọ ọba ṣe di ogunléndé nìyẹn.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1461, Edward, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, borí ogun ní Towton, adé sì dúró sí i lórí. Òun ló di Ọba Edward Kẹrin. Àwọn ọmọ méjèèjì padà wálé. Lọ́dún yẹn náà ni ọba fi Richard joyè Duke ti Gloucester. Ọmọ ọdún 9 péré ni.

Àbúrò tí kò já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kulẹ̀

Ilé Earl ti Warwick, ìbátan ìyá rẹ̀, ni wọ́n mú Richard lọ kí ó lọ kọ́ ẹṣin gígùn, ìjà àti ìwà ọmọ ìjòyè. Ilé náà wà ní Middleham, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Warwick yìí ni àwọn èèyàn mọ̀ sí afọbajẹ, torí òun ló ti Edward dé orí ìtẹ́.

Nígbà tó yá, ọba àti afọbajẹ dìjà. George, ẹ̀gbọ́n Richard, gba ẹ̀yìn Warwick lọ. Lọ́dún 1470, wọ́n lé Ọba Edward kúrò nílùú. Richard ò dara pọ̀ mọ́ wọn. Òun tí kò tíì ju ọmọ ọdún 18 lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sá gba orí omi lọ sọ́dọ̀ àwọn Burgundy, láì mọ̀ bóyá àwọn máa padà wálé.

Wọ́n padà lọ́dún 1471. Ní Barnet, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹrin, Warwick kú sójú ogun. Ní Tewkesbury, lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n fọ́ ogun Lancaster túútúú. Richard ló ṣáájú ọ̀wọ́ ọmọ ogun kan nínú àwọn ogun náà. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Henry Kẹfà kú sí àhámọ́ ní Ilé Ìṣọ́ London.

George ńkọ́? Ọba dárí jì í, ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú ọ̀tẹ̀. Lọ́dún 1478, Ọba Edward fúnra rẹ̀ ló fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan àbúrò rẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì pa á nínú Ilé Ìṣọ́ London. Ikú yìí wà lára ohun tí eré Shakespeare gbé ka Richard lórí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà wà nínú àkọsílẹ̀ ilé ìgbìmọ̀: ọba ló pe ẹjọ́, àṣẹ ọba ló sì pa George.

Ọdún mẹ́wàá ní àríwá

Lọ́dún 1472, Richard fẹ́ Anne Neville, ọmọ Warwick tó kú sójú ogun. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, wọ́n sọ ọ́ ní Edward. Ọba fi àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Richard lọ́wọ́, ibẹ̀ ló sì gbé jù títí di ọdún 1483.

Àwọn ará àríwá kò mọ ìkà kankan tó ń jẹ́ Richard. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ọ̀gá tó máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́. Bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, bí ìdílé méjì bá kọlu ara wọn, ọ̀dọ̀ òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ìlú York máa ń sáré bá a fún ìrànlọ́wọ́, dórí ọ̀rọ̀ ìgèrè ẹja tí àwọn alágbára fi ń dí odò wọn. Lọ́dún 1482, ó kó ogun lọ sí ilẹ̀ Scotland, ó sì gba ìlú Berwick padà. Títí dòní, abẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Berwick wà.

Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí, àbúrò ọba tó jẹ́ olóòótọ́ ni wọn ì bá máa pè é.

Oṣù mẹ́ta tó yí ohun gbogbo padà

Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1483, Ọba Edward Kẹrin wàjà lójijì, lẹ́ni ọdún 40. Àrẹ̀mọ rẹ̀, tóun náà ń jẹ́ Edward, kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Òun ló di Edward Karùn-ún. Richard, àbúrò bàbá rẹ̀, ni adelé tó yẹ kó máa bá a tọ́jú ìlú.

Ṣùgbọ́n ìfura ti wà nílẹ̀. Àwọn ẹbí Olorì Elizabeth Woodville ló ń tọ́ ọba kékeré náà, wọ́n sì fẹ́ tètè dé e ládé kí agbára adelé lè dín kù. Richard náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin, ó mú Earl Rivers, àbúrò olorì, ó sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà. Bí olorì ti gbọ́, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù sá wọ ilé ìjọsìn ńlá Westminster.

Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹfà, wọ́n ń ṣèpàdé lọ́wọ́ nínú Ilé Ìṣọ́ London nígbà tí Richard ní kí wọ́n mú Hastings, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọba tó wàjà. Ó ní Hastings ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí lọ́jọ́ yẹn gan-an, láì gbọ́ ẹjọ́ kankan. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n bẹ́ Rivers náà. Lọ́jọ́ 16, wọ́n gba ọmọkùnrin kejì, tó jẹ́ ọmọ ọdún 9, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n mú un lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ilé Ìṣọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tuntun bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí Edward Kẹrin tó fẹ́ Elizabeth Woodville ní ìkọ̀kọ̀ lọ́dún 1464, ó ti bá obìnrin mìíràn, Eleanor Butler, ṣe àdéhùn ìgbéyàwó. Lábẹ́ òfin ìjọ lásìkò yẹn, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lè sọ ìgbéyàwó tó tẹ̀ lé e di asán. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ àlè ni àwọn ọmọ olorì, wọn ò sì lè jọba. Lọ́jọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1483, wọ́n dé Richard àti Anne ládé. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jókòó ní oṣù Kìíní ọdún 1484, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di òfin tí wọ́n pè ní Titulus Regius.

Ṣé òótọ́ ni àdéhùn náà, àbí wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ ni? Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ohun tí kò níyàn nínú ni pé Hastings kò rí ẹjọ́ rò kí wọ́n tó pa á, àti pé ọmọ tí Richard ń ṣe adelé fún ló gba adé lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù pàápàá kò lè fọ èyí dànù.

Àwọn ọmọ méjèèjì ńkọ́? Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń rí wọn tí wọ́n ń ṣeré nínú ọgbà Ilé Ìṣọ́. Nígbà tó yá, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń rí wọn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún 1483 tó parí, kò sẹ́ni tó tún rí wọn mọ́.

Iṣẹ́ tó ṣe lórí ìtẹ́

Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni Richard lò. Ọ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Duke ti Buckingham, ẹni tó ràn án lọ́wọ́ jù láti dádé, kẹ̀yìn sí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 1483. Wọ́n mú un, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí lọ́jọ́ 2 oṣù Kọkànlá.

Síbẹ̀, àwọn òfin tó jáde nínú ilé ìgbìmọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1484 kò jọ iṣẹ́ ìkà. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n lè ti ẹni tí wọ́n kàn fura sí mọ́lé, kí wọ́n sì gba dúkìá rẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi. Òfin Richard fàyè gba béèlì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ó fòfin de owó tí ọba máa ń fi ipá gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀bùn ìfẹ́. Ó ní ẹni tí kò bá lórúkọ rere kò gbọdọ̀ jókòó gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ adájọ́. Òfin kan wà tó dí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìwé títà àti ìwé títẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ìwé lè máa wọ ìlú fàlàlà. Ó yan akọ̀wé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba ẹ̀bẹ̀ àwọn mẹ̀kúnnù. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1484, ó fún àwọn tó ń tọ́jú àmì oyè ní ìwé àṣẹ tí wọ́n fi dá College of Arms sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣì wà ní London dòní.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí. Henry Kẹfà, ọba ìdílé ọ̀tá, wà nínú sàréè ní Chertsey. Richard ní kí wọ́n gbé òkú náà lọ sí Windsor, níbi tó yẹ ọba. Òun fúnra rẹ̀ kò ní rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà.

Ọmọ lọ, ìyàwó lọ

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1484, Edward, ọmọ kan ṣoṣo tí Richard àti Anne bí, kú sí Middleham. Ìbànújẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mú àwọn òbí rẹ̀ ya wèrè. Kò pé ọdún kan tí Olorì Anne náà fi kú, lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1485. Òṣùpá bo oòrùn lójú ọ̀run lọ́jọ́ yẹn, àwọn èèyàn sì ka ìyẹn sí àmì burúkú.

Ni òfófó bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọba ló fún ìyàwó rẹ̀ ní májèlé jẹ, torí pé ó fẹ́ fẹ́ Elizabeth, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Richard dúró ní Clerkenwell níwájú àwọn olóyè àti ará ìlú London, ó sẹ́ ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin aya, ló ń ṣàlàyé fún gbogbo ayé pé òun kò pa ìyàwó òun. Títí di àkókò yìí, kò sí ẹ̀rí kankan pé ó pa á. Àìsàn tó ti dá Anne dùbúlẹ̀ ṣáájú ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó gbé e lọ.

Bosworth

Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1485, Henry Tudor gúnlẹ̀ sí Milford Haven ní Wales. Ọdún 14 ló ti wà nígbèkùn ní Brittany àti Faransé. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, Margaret Beaufort, ló gbà tan mọ́ ìdílé Lancaster, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí adé kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára.

Ogun pàdé nítòsí Bosworth lọ́jọ́ 22. Ọmọ ogun Richard pọ̀ ju ti Henry lọ, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dá a lójú. Earl ti Northumberland dúró sẹ́yìn, kò jà. Thomas Stanley àti àbúrò rẹ̀ William kó ogun wọn dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń wo ibi tí ọjà máa tà sí. Thomas yìí ló fẹ́ ìyá Henry.

Nígbà tí Richard rí i pé Henry wà pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, ó kó àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ó já lu ibẹ̀ tààrà. Ó pa ẹni tó gbé àsíá Henry. Ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ Henry fúnra rẹ̀ nígbà tí William Stanley kó ogun tirẹ̀ ya bò ó. Ikú ogun ní í pa akíkanjú. Richard kú síbẹ̀, lẹ́ni ọdún 32. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ tó kọ ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn náà pàápàá gbà pé kò sá. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó kú sójú ogun.

Wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀yìn ẹṣin, wọ́n wọ́ ọ lọ sí Leicester, wọ́n tẹ́ ẹ síta kí àwọn èèyàn lè wò ó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ajíhìnrere Greyfriars sin ín sínú ilé ìjọsìn wọn. Bí ìròyìn náà ti dé York, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ikú ọba náà jẹ́ ìbànújẹ́ ńlá fún ìlú àwọn. Ọba tuntun ti wà lórí ìtẹ́ nígbà yẹn o, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ba orúkọ rẹ̀ jẹ́

Ohun tí Henry Keje kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ka ìjọba rẹ̀ láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kan ṣáájú ogun. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tó jà fún ọba tó wà lórí ìtẹ́ di ọ̀dàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n fagi lé òfin Titulus Regius láì kà á, kí wọ́n sì ba gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: Elizabeth, ọmọ Edward Kẹrin, ló fẹ́ fẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe olorì òun ní ọmọ àlè. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló bọ́ nínú àkọsílẹ̀ ilé ìgbìmọ̀, òun ni àwọn òpìtàn padà rí.

Bí erin bá kú, oríṣiríṣi ọ̀bẹ là ń rí. John Rous, tó ti yin Richard nínú ìwé nígbà tó wà láàyè, yí ohùn padà lábẹ́ ọba tuntun. Ó kọ ọ́ pé ọdún méjì ni Richard lò nínú ìyá rẹ̀, àti pé teyín-teyín ni wọ́n bí i, pẹ̀lú irun tó dé èjìká. Thomas More, tí ìwé rẹ̀ lókìkí jù, jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 7 nígbà tí Richard kú. Ilé John Morton, ọ̀tá Richard, ló sì ti dàgbà díẹ̀. Inú àwọn ìwé wọ̀nyí ni Shakespeare ti rí ohun tó fi kọ eré rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1592 sí 1593, nígbà tí ọmọ-ọmọ Henry Keje wà lórí ìtẹ́.

Ẹ̀dá inú eré náà dùn ún wò gan-an, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Shakespeare tiẹ̀ jẹ́ kí Richard pa Duke ti Somerset ní ogun St Albans lọ́dún 1455. Ọmọ ọdún 2 ni Richard lọ́dún yẹn. Wọ́n tún ya àwòrán. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ ìdílé ọba síwájú ẹ̀rọ X-ray, ó hàn pé ńṣe ni ẹnì kan padà kun èjìká rẹ̀ kó lè gbé sókè sí i.

Àwọn tó gbèjà òkú

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba ìtàn náà gbọ́. George Buck kọ ìwé ìgbèjà rẹ̀ lọ́dún 1619. Horace Walpole kọ tirẹ̀ lọ́dún 1768. Lọ́dún 1924, àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti wá òtítọ́ nípa ọba náà. Òun ló wá di Richard III Society. Josephine Tey wá kọ ìtàn ọlọ́pàá kan lọ́dún 1951, tí ọlọ́pàá inú rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn nílé ìwòsàn, tó ń yẹ ẹjọ́ Richard wò bí ẹjọ́ ìpànìyàn. Ìwé yẹn mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Philippa Langley, ọmọ ẹgbẹ́ náà, ló sapá jù kí wọ́n lè wá sàréè ọba. Wọ́n ti wó ilé ìjọsìn Greyfriars láyé Henry Kẹjọ, ibojì náà sì ti sọnù. Àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé wọ́n ti ju eegun rẹ̀ sínú odò Soar. Irọ́ ni ìyẹn náà. Fásitì Leicester gbẹ́lẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n kan eegun ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n kéde pé òun ni. Àyẹ̀wò DNA bá ti àwọn àtọmọdọ́mọ Anne, ẹ̀gbọ́n Richard obìnrin, mu. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Kánádà tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní London. Òun ló padà kan pósí tí wọ́n fi tún ọba sin.

Ohun tí eegun sọ

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Richard ju ogún lọ dáadáa. Apá rẹ̀ méjèèjì pé, kò sí èyí tó rọ. Kì í ṣe abuké. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóòótọ́, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ga ju ti òsì lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tó ti lé lọ́mọ ọdún 10 ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, aṣọ tí wọ́n bá rán dáadáa sì lè bò ó. Pẹ̀lú ẹ̀yìn yẹn ló fi gun ẹṣin, tó fi wọ aṣọ irin, tó fi jagun láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Ó kéré tán, ọgbẹ́ 11 ni wọ́n kà lára eegun náà, 9 nínú wọn sì wà lágbárí. Àkoró rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Ọgbẹ́ kan wà ní ìdí, tó jọ pé wọ́n gún un lẹ́yìn tó ti kú tán. Ohun tí wọ́n sọ nípa bó ṣe kú bá ohun tí eegun sọ mu: ó kú láàárín ọ̀tá.

Ìlú York fẹ́ kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́ gíga ní London. Leicester ló jàre. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2015, wọ́n sin Richard sínú kàtídírà Leicester gẹ́gẹ́ bí ọba. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti tò sí ojú ọ̀nà kí wọ́n lè rí pósí rẹ̀ kó kọjá.

Ẹjọ́ tó kù

Eegun kò lè sọ ohun gbogbo. Kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ méjì tó wà ní Ilé Ìṣọ́. Ìfura pé wọ́n ti pa wọ́n kì í ṣe ohun tí àwọn Tudor ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀: Dominic Mancini, ará Ítálì tó wà ní London lọ́dún 1483, kọ ọ́ pé àwọn èèyàn ti ń sunkún nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ọba kékeré náà. Abẹ́ ìṣọ́ Richard ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá wà láàyè, òun ló lè gbé wọn jáde kí òfófó lè parí, kò sì gbé wọn jáde.

Lọ́wọ́ kejì, Henry Keje náà kò fi ẹ̀sùn náà kàn án ní tààrà nígbà tó dé. Títa ẹ̀jẹ̀ ọmọdé sílẹ̀ ló wà nínú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀, láì dárúkọ ọmọ kankan. Wọ́n ní James Tyrell jẹ́wọ́ lọ́dún 1502 pé òun ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ìwé ìjẹ́wọ́ náà. Àwọn kan di ẹ̀bi ru Buckingham. Àwọn mìíràn, títí kan Langley, gbà pé àwọn ọmọ náà sá là. Lọ́dún 1674, àwọn òṣìṣẹ́ rí eegun ọmọdé lábẹ́ àtẹ̀gùn kan nínú Ilé Ìṣọ́. Wọ́n kó wọn sínú ìkòkò òkúta ní Westminster Abbey, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́dún 1933, kí ayẹ̀wò DNA tó wáyé.

Richard ti rí ẹni gbèjà rẹ̀. Iké tí wọ́n gbé lé e lẹ́yìn ti bọ́, ikú George ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀sùn pé ó fún Anne ní májèlé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwọn òfin rẹ̀ ti jáde síta. Ẹ̀jẹ̀ Hastings ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, adé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún ọba náà kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ gbàgbé ọmọ ọdún 12 kan àti àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 9, tí àwọn náà ń dúró de ẹni tó máa bi ìbéèrè fún wọn.